Bámi Ló Dúró fún Káàdì Náà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo kórìíra ní àdúgbò wa yìí. Tẹ́ ẹ bá gbé nǹkan tó bàjẹ́ wá sí Ketu, láti ẹnu títì Ikosi títí dé ẹ̀yìn Mile 12, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò ti ní sọ ọ́ fún yín: "Ó máa ṣiṣẹ́." Wọn ò tíì tú u wò. Wọn ò tíì mọ ohun tó ń ṣe é. Ó máa ṣiṣẹ́. A ti sọ ọ́ di ìkíni, bíi ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó bá wá sọ pé òun ò mọ̀, pé kí wọ́n jẹ́ kóun kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, a ó ní kò mọṣẹ́, tàbí pé ó ń ṣe ìyàngà. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ yẹn la fi tì í ṣubú, a sì fọwọ́ nu ẹnu bí ẹni pé a ò sí níbẹ̀. Inú ṣì ń bí mi. Mi ò ní fi bò.

Ọlábámijí lorúkọ ẹ̀, Bámi là ń pè é. Ará Ìsẹ́yìn ni, ọmọ ahunṣọ. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ tó ń ṣe káfíńtà ní Ikosi ló wá nígbà tó kọ́kọ́ dé Èkó. Wọ́n fún un ní ayùn, ayùn ò gbà á. Kọ̀ǹpútà ló gbà á. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ló kan tèmi. Èmi ń ta ṣájà àti páwà báńkì. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, inú fóònù ni mo ti kọ́ ọ, àti lẹ́nu Bámi. Kò sí yunifásítì kankan nínú ẹ̀.

Bàbá ẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ fún mi, kì í wo ojú aṣọ kó tó gé e kúrò lórí òfì. Ẹ̀yìn aṣọ ló máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa. Ojú aṣọ lè tan èèyàn, àmọ́ gbogbo òwú tó já, tó sì so pọ̀, ẹ̀yìn lo ti máa bá a. Bámi náà jogún ẹ̀. Tó bá tún kọ̀ǹpútà ṣe tán, tí oníǹkan ti ń rẹ́rìn-ín, tó fẹ́ gbé e lọ, òun á ní kó jókòó ná. Á tún tan án, á tún pa á. Á ki fláàṣì sí gbogbo ihò tó wà lára ẹ̀. Àwọn kan á bínú lọ sí ṣọ́ọ̀bù míì, níbi tí wọ́n ti máa sọ fún wọn pé ó máa ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ ẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Àwọn ihò USB tẹ́ ẹ̀ ń ki fláàṣì àti máòsì sí, ṣíìpù kékeré kan wà nínú tó ń darí wọn. Kọntirólà ni wọ́n ń pè é. Kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ò gbọ́ èdè ṣíìpù yẹn. Sọ́fúwíà kan ló ń ṣe ògbufọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní driver. Àmọ́ driver kì í dá sí àjèjì. Ṣíìpù kọ̀ọ̀kan gbé nọ́ńbà dání: nọ́ńbà ilé tí wọ́n ti ṣe é, àti nọ́ńbà tiẹ̀ gan-an. Àwọn tó ṣe driver ti kọ nọ́ńbà àwọn ṣíìpù tí wọ́n mọ̀ sínú ẹ̀. Tí driver bá rí nọ́ńbà tó mọ̀, á gbà á wọlé. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, á gbójú kúrò, ihò yẹn á wà lára ẹ̀rọ bíi fèrèsé tí wọ́n ya sára ògiri.

Èèyàn lè ṣí driver kó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ nọ́ńbà tuntun sí i. Ìlà kan ni, kò gba agbára. Bámi mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Àmọ́ ohun tó máa ń sọ fún mi ni pé ìlà yẹn kì í ṣe kíkọ, dídúró ni. Bí ìgbà téèyàn lọ dúró fún ẹlòmíì ní àgọ́ ọlọ́pàá. Kọ̀ǹpútà ò ní bi káàdì tí ṣíìpù yẹn wà lórí ẹ̀ léèrè nǹkan kan mọ́. Ìwọ tó o kọ ọ́ lo ti sọ pé o mọ̀ ọ́n. Nítorí náà kì í kọ nọ́ńbà ohun tí kò tíì bá gbé. Á gbé káàdì náà síwájú fáànù, á so nǹkan mọ́ gbogbo ojú ẹ̀, á jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ tí à ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Folúkẹ́ tó ń ṣe fọ́tókọ́pì lódì kejì máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ṣé ó fẹ́ fẹ́ káàdì yẹn ni, pé ìwádìí ìyàwó gan-an kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bámi á rẹ́rìn-ín.

Ó tún wá ku Aunty Martha. Òkè ilé tó wà lẹ́yìn ìlà wa ni wọ́n wà, ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n. Etí ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Wọ́n ti gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi lẹ gbogbo ògiri yàrá kan kí ariwo Ketu má bàa wọlé. Tẹ́ ẹ bá wọ yàrá yẹn, ẹ máa gbọ́ mímí ara yín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣètò ẹ̀rọ etí fún àwọn tí kò gbọ́ràn dáadáa. Ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ohun téèyàn kàn ń ki bọ etí. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi wáyà so ó mọ́ àpótí kékeré kan, kí wọ́n so àpótí mọ́ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n wá kọ bí etí ọmọ náà ṣe rí sínú ẹ̀rọ.

Ọmọ tọ́rọ̀ kàn ni Labeebah, ọmọ Nimat. Nimat ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀, ó ń kọrin, kí ibà líle kan tó dá a dùbúlẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Ara ẹ̀ yá, etí ẹ̀ ò yá. Ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò dà nù lẹ́nu ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó yá ọwọ́ ló fi ń sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ kan lókè òkun fi ẹ̀rọ etí méjì ránṣẹ́ sí i lọ́wọ́ Aunty Martha, ọ̀tún àti òsì, ọ̀fẹ́. Nimat ò sùn lọ́jọ́ tó gbọ́.

Kí wọ́n tó ṣètò ẹ̀, iná dé lójijì, ó lágbára ju bó ṣe yẹ lọ. Ó jó gbogbo ihò USB ara kọ̀ǹpútà Aunty Martha. Kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ò kú. A ò sì lè gbé iṣẹ́ náà lọ sórí òmíì, torí àwọn tó fún wọn ní sọ́fúwíà etí yẹn ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà yẹn nìkan, láti ìgbà pípẹ́, àwọn tó so ó ò sí nídìí iṣẹ́ yẹn mọ́. Aunty Martha lọ ra káàdì tó ní ihò USB tuntun ní Ikeja. Ẹni tó tà á fún wọn ní ó máa ṣiṣẹ́.

Kò ṣiṣẹ́. Wọ́n pe Bámi. Bámi wò ó, ó rí i pé driver ò mọ nọ́ńbà ṣíìpù tó wà lórí ẹ̀. Nọ́ńbà ilé ẹ̀ wà níbẹ̀. Nọ́ńbà òmíì tí wọ́n jọ jáde nílé kan náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹyọ kan péré lẹ́yìn ló fi yàtọ̀ sí ti káàdì yìí. Bámi ní kí wọ́n jẹ́ kóun gbé káàdì lọ sí ṣọ́ọ̀bù kóun bá a gbé fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ibẹ̀ ni àwa ará ìlà ti gbà á sẹ́nu. Nimat ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá lójoojúmọ́ tó bá ti tajà tán, á gbé ọmọ náà sórí bẹ́ńṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù Bámi, òórùn àlùbọ́sà á gba gbogbo ibẹ̀. Ọmọ náà á máa wo fáànù tó ń fẹ́ káàdì. Àánú ṣe gbogbo èèyàn, àánú sì máa ń mú èèyàn sọ ohun tí kò mọ̀. Folúkẹ́ ló gbé e kalẹ̀.

"Bámi, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Tó o bá ti mọ Táíwò, ṣé o ò mọ Kẹ́hìndé ni?"

"Mo mọ ìbejì kan ní Ìsẹ́yìn," Bámi ní. "Ọ̀kan ni lèmọ́mù àdúgbò. Èkejì wà lẹ́wọ̀n."

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbọ́. Wọ́n ní ó ti ń ṣe ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ní ìwà ìlú òyìnbó ló ń hù, pé ọmọ ẹlòmíì ló ń jìyà ẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ ní bóyá kò mọ̀ ọ́n ṣe ló fi ń gbé e síwájú fáànù. Nimat dìde lórí bẹ́ńṣì. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú gbogbo wa, pẹ̀lú híjáàbù, lórí yanrìn.

"Bọ̀dá Bámi, ọmọ mi ti ń gbàgbé ohùn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é."

Ẹ sọ fún mi, ọmọ Yorùbá wo ló máa jókòó kí abiyamọ kúnlẹ̀ fún un, kó wá sọ pé òun ò tíì mọ̀? Bámi fà á dìde. Ó yọ káàdì kúrò níwájú fáànù. Ó gun òkè ilé, ó ṣí driver, ó kọ nọ́ńbà Kẹ́hìndé sábẹ́ ti Táíwò.

Ihò náà jí. Máòsì ṣiṣẹ́, fláàṣì ṣiṣẹ́, àpótí etí tan iná. Aunty Martha ní ká wá bá àwọn yọ̀. Èmi náà wà nínú yàrá fóòmù yẹn torí èmi ni mo gbé páwà báńkì ńlá wá bóyá iná á lọ. Wọ́n ṣe ti ọ̀tún. Wọ́n ń tẹ nǹkan, ọmọ náà ń nàka tó bá gbọ́, wọ́n parí. Wọ́n so wáyà mọ́ ti òsì, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti dé ìdajì nígbà tí Nimat, tó dúró sẹ́yìn ọmọ náà, ṣàdédé pè é.

"Labeebah."

Kò pè é sókè. Ọmọ náà yí orí padà.

Mi ò ní parọ́, omi jáde lójú mi. Aunty Martha gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Nimat tẹ́wọ́ àdúrà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Lárúbáwá, ó bọ́ sí Yorùbá, ó gbàdúrà fún àwọn ará òkè òkun tí kò mọ̀, fún Aunty Martha àti ọmọ wọn, fún Bámi àti òkú bàbá ẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ó ń bá a lọ. Nígbà tó ṣe tán, Aunty Martha náà gbé tiwọn dìde lórúkọ Jésù, tiwọn náà ò kúrú. Mo ṣe àmín sí méjèèjì. Ọmọ náà di ìró ìyá ẹ̀ mú, ó ń gbá ẹ̀rọ etí ọ̀tún ẹ̀ pẹ́pẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

A parí àdúrà. Aunty Martha tẹ kọ̀ǹpútà kí wọ́n parí ti òsì. Iná àpótí ṣẹ́jú, ó kú. Wọ́n tún un so. Wọ́n pa á, wọ́n tan án. Àpótí padà wá, àmọ́ ẹ̀rọ òsì ò sọ nǹkan kan mọ́. Kọ̀ǹpútà ń pè é, kò dáhùn. Ohun tí wọ́n ń kọ sínú ẹ̀ ti dàrú ní ìdajì ọ̀nà, ó sì di òkú tí ẹnikẹ́ni ò lè jí. Aunty Martha fi í ránṣẹ́ padà nígbà tó yá. Ẹgbẹ́ náà ní kò ṣeé tún ṣe, kò sì sí òmíì.

Ohun tí Bámi kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ṣí driver, ó pa nọ́ńbà yẹn rẹ́. Ó yọ káàdì, ó sọ̀kalẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ni ohun tó ń bí mi nínú ti ṣẹlẹ̀. Folúkẹ́ tó dárúkọ Táíwò àti Kẹ́hìndé, òun náà ló ń sọ fún àwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀ pé òun ti ní kí Bámi má kánjú. Àwọn tó ní kò mọ̀ ọ́n ṣe ń mi orí. Èyí tó burú jù, ẹnì kan tó ń mu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní àdúrà mùsùlùmí àti ti kìrìsìtẹ́nì tí wọ́n pò pọ̀ ló fà á, ọ̀rọ̀ yẹn sì tàn dé Mile 12. Nimat gbọ́ ọ. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn di ẹni tí kì í pe ọmọ ẹ̀ mọ́. Á fọwọ́ kàn án léjìká bí ìgbà tí kò gbọ́ràn. Ọmọ tó ti ní etí kan, ìyá ẹ̀ ló wá dákẹ́ fún un. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi.

Bámi gbé káàdì padà síwájú fáànù. Ó ń wá ohun tó ṣe é. Ó ki nǹkan sí gbogbo ihò ẹ̀, ó gbé iṣẹ́ tó pọ̀ lé e, kò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ kan ló fi sílẹ̀ lọ kírun, nígbà tó dé tó fọwọ́ kàn án, ó kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún kú. Ó wá yé e. Káàdì yẹn máa ń sùn tí iṣẹ́ bá dákẹ́. Kì í ṣe àléébù. Táíwò náà máa ń sùn. Àmọ́ Táíwò máa ń jí ire. Èyí, tó bá jí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá sọ fún un, á gbé e ní ìdàkudà. Nígbà tí wọ́n ṣe etí ọ̀tún, ọwọ́ Aunty Martha ò dúró. Ìgbà ti òsì, a dúró, a gbàdúrà.

Ó sọ ọ́ fún mi. Mo ní kó má sọ ọ́ fún Nimat láé, kó sọ pé iná ni. Òótọ́ yẹn ti sún mọ́ irọ́ tí wọ́n ń pa fún un jù. Bámi wò mí bí ẹni pé mo bú bàbá ẹ̀.

"Tí mo bá ní iná ni, káàdì tó wà lẹ́yìn èyí ńkọ́? Ta ló máa mọ̀ pé ó ń sùn?"

Nígbà tí Nimat tún wá, ìdí tó fi wá ni pé ọmọ náà ti ń yọ ẹ̀rọ ọ̀tún kúrò. Ohùn tí wọ́n ṣètò sí i ga jù. Fèrè ọkọ̀ tírélà ní Mile 12 ń gún un bí abẹ́rẹ́. Aunty Martha ní àwọn gbọ́dọ̀ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ náà ò ní gbà kí wọ́n fi sí i mọ́, àmọ́ kọ̀ǹpútà yẹn náà ló wà, káàdì yẹn náà ló wà, etí kan ṣoṣo ló sì ṣẹ́ kù. Nimat jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ó bi Bámi bóyá òun lè gbé ẹ̀rọ kan tó kù yẹn lé e lọ́wọ́.

Bámi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹ̀, níbi tí Nimat náà ti kúnlẹ̀ fún un.

"Mummy Labeebah, nígbà tẹ́ ẹ̀ ń gbàdúrà ló ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe àdúrà yín ló ṣe é. Tá a bá jókòó jẹ ẹ̀pà nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí. Káàdì yẹn máa ń sùn, kì í jí ire. Èmi ni mo sọ fún kọ̀ǹpútà pé mo mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Nimat béèrè pé ṣé ó ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Bámi ṣàlàyé fún un. Ó ní òun ti kọ nọ́ńbà yẹn padà, àmọ́ òun ò kọ ọ́ lásán mọ́. Òun kọ ìlà kan sábẹ́ ẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kó sùn. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ dúró fún èèyàn, kó dúró fún àìsàn ẹ̀ pẹ̀lú. Ó ti wà níwájú fáànù láti ọjọ́ yìí, òun ti fi í sílẹ̀ lọ jẹun, òun ti fi í sílẹ̀ lọ sí Ojota, kò kú mọ́. Kò sọ pé ó máa ṣiṣẹ́. Mo dúró kí n gbọ́ ọ, kò sọ ọ́. Ó ní ohun tóun rí nìyẹn, pé ọmọ Nimat ni, Nimat ló máa sọ.

Nimat mú ọmọ ẹ̀ dìde. Òkè ilé ló kọrí sí.

A padà sínú yàrá fóòmù. Aunty Martha so wáyà mọ́ ti ọ̀tún. Wọ́n dé ìdajì. Bámi ní kí wọ́n gbé ọwọ́ kúrò. Aunty Martha ò kọ́kọ́ gbé e. Bámi ní kí wọ́n jọ̀ọ́, pé tí káàdì ò bá lè dúró, kí àwọn mọ̀ nísinsìnyí tí ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà ò tíì kúrò, kó má jẹ́ ọjọ́ tóun ò ní sí níbẹ̀. Àti pé ìdajì yìí ò rí bíi ti òsì, kò tíì sí ohun tí wọ́n ń kọ wọ inú ẹ̀, wíwò ni wọ́n ṣì ń wò ó. Wọ́n gbé ọwọ́.

"Ẹ gbàdúrà, Mummy Labeebah," Bámi ní. "Ẹ má kánjú."

Nimat bẹ̀rẹ̀, kò fi ti ẹnikẹ́ni kún un, orúkọ ọmọ ẹ̀ nìkan ló ń pè, Labeebah, Labeebah, ó ń pè é bí ẹni tó ń pe ẹni tó sọ nù ní ọjà. Ó pẹ́. Èmi ń wo iná àpótí, mi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Iná náà ò ṣẹ́jú. Nimat ṣe àmín fúnra ẹ̀. Aunty Martha tẹ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ọ̀tún dáhùn, wọ́n kọ ọ́ wọlé, ó wọlé.

Labeebah ti ń lọ ilé ìwé báyìí. Etí òsì ò padà, kò sì ní padà. Ẹ má ṣe jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ìparí dídùn tàn yín. Táwọn ọmọ bá pè é láti ọwọ́ òsì, kì í gbọ́, wọ́n sì ń pè é ní agbéraga. Ìyá ẹ̀ ń pè é ní gbogbo ọjà, ohùn ẹ̀ tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Folúkẹ́ ò tíì tọrọ àforíjì. Wọ́n ṣì ń sọ ọ́ ní ìlà wa pé ó máa ṣiṣẹ́, wọ́n sọ ọ́ láàárọ̀ yìí. Bámi wà níwájú fáànù ẹ̀. Tí ọmọ yẹn bá wá jókòó sórí bẹ́ńṣì nírọ̀lẹ́, mo máa ń rí i tí Bámi á gbé àga ẹ̀, á yí i ká, á gbé e sí ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà kó tó la ẹnu.